Bí Mo Ṣe Bèèrè Ọmọ Mi Lọ́wọ́ Sẹ́kítárì

Obìnrin kan wà ní Ṣàgámù níbí tí kì í lè wo ojú mi mọ́. Bí a bá pàdé lójú títì, á yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, á máa tẹ fóònù tí kò dún. Inú mi máa ń dùn sí i. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí ẹni tó dàgbà tó mi máa jẹ́wọ́ irú nǹkan báyìí, ṣùgbọ́n mo ti sọ fún ara mi pé bí n óò bá kọ ọ́ sílẹ̀, bó ṣe rí gan-an ni n óò kọ ọ́. Ẹ fara balẹ̀ fún mi. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn, èmi ni mo máa ń rìn jẹ́jẹ́.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin ló bí ọ̀rọ̀. Ìyá rẹ̀ ni àbígbẹ̀yìn mi, àwọn arúgbó ló ń bá wọn tọ́jú ní ìlú òyìnbó, ó sì fi ọmọ sílẹ̀ fún mi láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin. Ilé ìwé aládàáni kan tí kò jìnnà sílé ni mo fi í sí. Lọ́dọọdún, ilé ìwé náà máa ń kó àwọn ọmọ jáde lọ wo nǹkan tójú ò rí rí, wọ́n á sì ní kí àwọn òbí mélòó kan yọ̀ǹda ara wọn láti bá wọn lọ. Nígbà tó wà ní kíláàsì kejì, ó ti irú ìrìn bẹ́ẹ̀ dé, kò jẹun. Mo ní kí ló dé.

Ó ní, “Màmá àwọn tó kù wá. Wọ́n ń pe àwọn ọmọ wọn pé kí wọ́n wá mu omi. Èmi, tíṣà ló pè mí.”

“Ṣé tíṣà ò fún ọ lómi ni?”

“Wọ́n fún mi.” Ó kọjú sí ògiri. “Ìyá àgbà, ẹ bá mi lọ lọ́dún tó ń bọ̀. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ tíṣà ni wọ́n á máa pè mí.”

Mo ní n óò lọ. Ohun tí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró lé lórí nìyẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: kí ọmọ yẹn ní ẹni tirẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì.

Ọdún yí po, ó dé kíláàsì kẹta, wọ́n pe àwa òbí tó fẹ́ lọ sí ìpàdé. Sẹ́kítárì ẹgbẹ́ àwọn òbí ló pè wá. Òun ni obìnrin tí mo ń wí. Kò tíì pé ogójì ọdún nígbà náà. Yunifásítì kan lápá Ìlíṣàn ló ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́, ó mọ̀wé, ó mọ ọ̀rọ̀ sọ, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sì wà ní kíláàsì kan náà pẹ̀lú ọmọ mi. Sẹ́kítárì ni gbogbo wa ń pè é. Ó pín ìwé olójú ewé méjì fún wa, òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́, ohun tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ òbí tó bá tẹ̀ lé ọmọ jáde ló wà nínú rẹ̀. Ó kà á fún wa bí ìgbà tí ìmáàmù bá ń ka wàásù.

Kí á dé kí agogo méje tó lù. Kí á wọ bàtà tó ṣeé rìn. Kí ẹnikẹ́ni má gbé àbúrò ọmọ wá láti ilé. Kí fóònù wà nínú báàgì, àfi bí wọ́n bá pè wá. Kí á má fún ọmọ kankan ní ohun jíjẹ, torí pé ẹ̀pà lásán lè gbé ọmọ mìíràn dé ọsibítù. Kí á má na ọmọ ọlọ́mọ. Baba kan tó ń wa tírélà rẹ́rìn-ín nígbà tó dé ibẹ̀.

Ó ní, “Bó bá wá gé mi jẹ ńkọ́?”

Sẹ́kítárì ní, “Ẹ pe tíṣà, sà.”

“Kí tíṣà wá bá mi yọ eyín rẹ̀?”

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, Sẹ́kítárì náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó tún ń kà á lọ. Ọmọ mẹ́jọ mẹ́jọ ni wọ́n máa fi sí ìkáwọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọmọ tèèyàn kò sì gbọdọ̀ sí nínú mẹ́jọ tirẹ̀, kó má baà máa ṣojúsàájú. Bí wọ́n bá sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì kí á kà wọ́n, bí wọ́n bá fẹ́ gòkè kí á kà wọ́n, kí á sì fọwọ́ sí ìwé pé wọ́n pé.

Ibẹ̀ ni mo ti nawọ́. Mo ní, “Sẹ́kítárì, ẹ forí jì mí. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ.”

Ó ní, “Màmá, ayé àtijọ́ nìyẹn.”

“Ayé àtijọ́ ni wọ́n bí mi sí.”

“Ó dáa, ma. Ẹ ṣáà ti rí i pé wọ́n pé. Bí ẹ bá ṣe fẹ́ ṣe é, ọwọ́ yín ló wà.”

Ẹ rántí pé ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Àwọn òbí mẹ́tàdínlógún ló sì gbọ́ ọ pẹ̀lú mi.

Òwò obì ni mo ṣe láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọge títí orúnkún mi fi kọ iṣẹ́. Nílé òwò ìyá mi, bí alábàárù bá ń gbé agbọ̀n obì wọ ọkọ̀, a kì í dúró máa kígbe ení, èjì. Agbọ̀n kan tó bá gbé, a ó fi wóró obì kan lé e lọ́wọ́. Bí ọkọ̀ bá kún, obì ọwọ́ rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ fún un. Ọgbọ́n yìí ni mo gbé lọ. Mo ṣa gbànja mẹ́jọ, àwọn tó le, tí kòkòrò ò fojú kàn, mo fọ̀ wọ́n títí wọ́n fi ń dán. Bí ọmọ kọ̀ọ̀kan nínú àwọn mẹ́jọ tí wọ́n fún mi bá ti ń sọ̀kalẹ̀, mo ń fi ọ̀kan lé e lọ́wọ́. Bó bá ń padà gòkè, á sọ ọ́ sínú àpò mi. Bí obì ò bá pé, ọmọ kan wà níta. N ò ka ọmọ ẹnikẹ́ni, ọmọ sì pé.

Ọgbà àwọn ẹranko kan lápá Ìbàdàn la lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta la sọ̀kalẹ̀ kí oòrùn tó mú, ẹ̀ẹ̀mẹta ni obì mẹ́jọ wọ inú àpò. Àwọn ọmọ yẹn fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n di obì mú bí ẹni tí wọ́n fi oyè lé lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn lá a lẹ́nu, ó fa ojú ro, ó ní, “Ìyá, ó korò bí oògùn ibà ẹ̀gbọ́n mi,” àwọn tó kù sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí a fi dé ọ̀dọ̀ ìnàkí. Ọmọ mi wà nínú ọ̀wọ́ òbí mìíràn lẹ́yìn wa, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà ló ń yọ orí wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo pè é pé kó wá mu omi. Òǹgbẹ kò tilẹ̀ gbẹ ẹ́. Ó sáré wá, ó mu omi náà tán.

Ní ìgbà kẹrin ni Sẹ́kítárì rí mi. Ó rìn wá.

“Kí lẹ ń fún àwọn ọmọ, Màmá?”

“Obì ni.”

“Obì?” Ó fi bébà gba ọ̀kan lọ́wọ́ ọmọ. “Ìwé ní kí á má fún wọn ní ohun jíjẹ.”

“Wọn ò jẹ ẹ́. Wọ́n kàn mú un lọ́wọ́ ni.”

“Kí wọ́n mú un lọ́wọ́, kí ó máa ṣe kí ni?”

Mo fẹ́ ṣàlàyé. Kò dúró. Ó yíjú sí àwọn òbí tó kù, ó gbé ohùn sókè, ó ní, “Ẹ bá mi bi Màmá o. Kí ni àgbàlagbà ń fi obì lé ọmọ mẹ́jọ lọ́wọ́ fún, tó sì ń gbà á padà?”

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá, ẹ mọ ohun tó sọ. Kò pè mí ní nǹkan kan. Ó kàn fi ìbéèrè lélẹ̀, ó sì jẹ́ kí kálukú fi ọkàn ara rẹ̀ dá a lóhùn. Mo rí ìyá kan tó fa ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn.

Ilé tí wọn kì í fi obì kan ẹnu ni ilé rẹ̀. Ìgbàgbọ́ wọn ni, n kò bá wọn jà sí i. Lára àwọn aládùúgbò tí mo fẹ́ràn jù ni kì í jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n gbànja ni mo mú dání. Olójú méjì ni gbànja, ohun ọjà ni, ohun tí àwọn awakọ̀ ń jẹ kí oorun má gbé wọn. Àbàtà olójú mẹ́rin ni wọ́n ń lò fún ìbọ àti oògùn tí Sẹ́kítárì ń rò nínú. Ẹni tó ń gbé Ṣàgámù, tó ń kọjá níwájú agbọ̀n obì lójoojúmọ́, tí kò wá mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì, kò tíì yẹ kó dá àgbà lẹ́jọ́ lórí obì. Ó gba gbogbo rẹ̀, ó kó o sínú ọ̀rá, ó jù ú sínú garawa ìdọ̀tí. Ó pín àwọn ọmọ mi mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ fún àwọn ẹlòmíràn. Ó ní kí n lọ jókòó sínú bọ́ọ̀sì. Mo lọ jókòó. Ọmọ mi kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó rí mi bí mo ṣe káwọ́ gbera, ó sì gbójú kúrò.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ni lẹ́tà dé. Mo ṣì ní in lọ́wọ́. Wọ́n ní nítorí ààbò àwọn ọmọ, ẹni tó bá ń fi ohun tí a kò mọ ìdí rẹ̀ lé ọmọ lọ́wọ́ kò ní lè bá wọn jáde mọ́. Wọ́n fi “ẹ ṣé gan-an ni” parí rẹ̀. Sẹ́kítárì ló buwọ́ lù ú. Kí lẹ́tà tó dé ọwọ́ mi, ọ̀rọ̀ ti kárí fóònù àwọn òbí. Láti ọ̀dọ̀ àwọn òbí ló bọ́ sẹ́nu àwọn ọmọ, wọ́n sì ń pe ọmọ mi ní “ọmọ ìyá olóbì,” kì í ṣe bí wọ́n ṣe máa ń pe ọmọ oníṣòwò.

Ní kíláàsì kẹrin, àwọn ọmọ lọ wo ibi tí wọ́n ti ń ṣe bisikíìtì. Mo jókòó sílé. Lọ́jọ́ kan láàárín ọdún yẹn, ọmọ yìí dúró níwájú mi pẹ̀lú àpò ìwé lẹ́yìn. Ó ní, “Ìyá àgbà, ẹ má bínú. Bí ẹ bá wá mú mi, ẹ má wá sí géètì mọ́. Ẹ dúró níbi igi.”

Igi náà wà lójú ọ̀nà kejì, nítòsí ibi tí àwọn ọlọ́kadà máa ń dúró sí. Mo dúró níbẹ̀ fún odidi sáà méjì. Bí àwọn ọlọ́kadà ṣe ń bi mí pé, “Màmá, ṣé ká gbé yín?” bẹ́ẹ̀ ni mo ń sọ fún ara mi pé obìnrin yẹn yóò san án.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ sùúrù, ẹ bi oníṣòwò obì. A ń fi ewé tẹ́ agbọ̀n, a ń kó obì sí i, a ń fi ewé bò ó, a ó sì gbé e sí kọ̀rọ̀ fún oṣù púpọ̀ títí ọjà yóò fi wọ́n. Ṣùgbọ́n a kì í gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Lóòrèkóòrè à ń tú u, à ń yọ èyí tó fẹ́ bàjẹ́, à ń pààrọ̀ ewé. Bí mo ṣe tọ́jú ìbínú mi nìyẹn. N kò pariwo, n kò lọ bá a nílé, n kò gégùn-ún fún un, bí ọmọ mi ọkùnrin àgbà ṣe ń sọ pé kí a lọ bá lọ́yà, mo ní kó gbẹ́nu dákẹ́. Ìwé olójú ewé méjì yẹn ni mo ń kà. Mo kà á títí mo fi mọ̀ ọ́n ju ẹni tó kọ ọ́ lọ. Ohun tí mo sì rí ni pé ẹni tó kọ òfin kì í kà á mọ́ lẹ́yìn tó bá kọ ọ́ tán.

Ìgbà tí ọmọ mi wọ kíláàsì karùn-ún, ọ̀gá ilé ìwé tuntun dé, obìnrin jẹ́jẹ́ kan báyìí. Àwọn òbí tó ń yọ̀ǹda ara wọn ti dínkù, iṣẹ́ ò jẹ́ kí wọ́n rójú. Mo wọ aṣọ dáadáa, mo lọ bá a. Mo ní kó jẹ́ kí n bá wọn lọ, bí kò tilẹ̀ fún mi ní ọmọ kankan mú.

Ó wò mí pẹ́. Ó ní, “Màmá, mo ti gbọ́ nǹkan kan.”

Mo ní, “Ohun tí ẹ gbọ́ náà ni mo gbọ́.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ máa jókòó sínú bọ́ọ̀sì kejì. Omi ni ẹ máa bójú tó. Ṣé ó tẹ́ yín lọ́rùn?”

“Ó tẹ́ mi lọ́rùn, ọ̀gá. Ẹ ṣé.”

Oko kan lẹ́yìn Ògèrè ni ìrìn ọdún yẹn, níbi tí wọ́n ti ń sin ẹja àti àwọn ẹyẹ ọlọ́rùn gígùn. Sẹ́kítárì wà nínú bọ́ọ̀sì kìn-ín-ní pẹ̀lú ọmọ mẹ́jọ. Èmi kọ́ ni mo ní kí tíṣà fi ọmọ mi sínú mẹ́jọ yẹn. Bó ṣe pín wọn nìyẹn. Ọmọ Sẹ́kítárì wà nínú bọ́ọ̀sì kejì, lọ́wọ́ tíṣà ọmọdébìnrin kan tí oorun ń kùn. Nígbà tí Sẹ́kítárì rí mi tí mo ń to ọ̀rá omi, ó ní, “Màmá, ẹ kú àárọ̀. Omi nìkan o.” Ìyá méjì rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Omi nìkan ni, Sẹ́kítárì.”

Mo fi ojú tẹ̀ lé e láti àárọ̀. Fóònù rẹ̀ kò wọ báàgì lẹ́ẹ̀kan. Ẹyẹ na ọrùn, ó ń ya fídíò. Ọmọ ń fún ẹja ní oúnjẹ, ó ń ya fídíò. Ó ra gúgúrú fún ọmọ tirẹ̀ nìkan. Mo ń to gbogbo rẹ̀ sínú, ṣùgbọ́n gúgúrú kò tó ẹ̀san.

Ọ̀sán pọ́n, wọ́n ní kí gbogbo ọmọ máa wọlé sínú bọ́ọ̀sì. Mo wà lẹ́nu ilẹ̀kùn tiwa. Mo rí ọmọ Sẹ́kítárì tó yọ́ sọ̀kalẹ̀ lẹ́yìn tíṣà, tó sáré lọ bá ìyá rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì kìn-ín-ní. Ìyá rẹ̀ gbà á, ó fi í jókòó. Mo rí i láti ojú fèrèsé bó ṣe ń fi ìka tọ́ka sí orí fìlà wọn, ọ̀kan, èjì, títí dé ẹ̀jọ. Gbogbo wọn ló dé fìlà kan náà. Ó fọwọ́ sí ìwé, ó ju ọwọ́ sí dírẹ́bà, bọ́ọ̀sì kìn-ín-ní sì lọ.

Eruku bọ́ọ̀sì yẹn kò tíì balẹ̀ nígbà tí ọmọ mi jáde láti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, tó ń nu ọwọ́ sára aṣọ. Ó wo ibi tí bọ́ọ̀sì rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà.

Mo ní, “Wá.”

“Ìyá àgbà, wọ́n ti lọ.”

“Mo rí wọn. Wọlé síbí.”

Mo fi í sí ẹ̀yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ní ibi tí ọmọ Sẹ́kítárì fi sílẹ̀. Tíṣà tó ń tòògbé kà wọ́n, ẹ̀jọ, ó ní wọ́n pé. Ẹ wò ó, bọ́ọ̀sì méjì, iye pé nínú méjèèjì, ọmọ kò pé nínú ọ̀kankan. Lọ́kàn mi, mo ní ọjà ti wọ́n.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí etí ọmọ mi. “Fa fìlà rẹ wálẹ̀, kí o sùn. Bí a bá délé ìwé, má sọ̀kalẹ̀ àfi bí mo bá pè ọ́.”

“Ṣé mo ṣe nǹkan ni?”

“O ò ṣe nǹkan kan.”

Tẹlifóònù wà lọ́wọ́ mi ní gbogbo ọ̀nà. Ẹ̀rọ ayélujára kọ́, fóònù kékeré tó ń pe èèyàn, ó sì ní owó nínú. N kò pe ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí bọ́ọ̀sì tiwa fi máa wọ ọgbà ilé ìwé, bọ́ọ̀sì kìn-ín-ní ti já èrò sílẹ̀. Àwọn òbí pọ̀ níbẹ̀, mọ́tò kún ẹnu géètì, ọ̀gá ilé ìwé dúró lórí àtẹ̀gùn. Sẹ́kítárì di ìwé mú, ó ń sọ fún àwọn kan bí ìrìn náà ṣe dùn tó. Mo sọ̀kalẹ̀. Mo rìn bí mo ṣe máa ń rìn. Mo dúró níwájú rẹ̀.

“Sẹ́kítárì, ẹ kú iṣẹ́.”

“Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. A dúpẹ́.”

“Ọmọ mi dà?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ó wà níbí.” Ó wo ẹ̀yìn. Ó pe orúkọ ọmọ náà. Ó tún pè é, ohùn rẹ̀ ga sí i. Ó wo inú bọ́ọ̀sì kìn-ín-ní, ó jáde. Ó gbé ìwé sójú. “Mo kà wọ́n. Mẹ́jọ ni. Mo fọwọ́ sí i.”

Mo ní, “Mo rí ìfọwọ́sí. Mi ò rí ọmọ.” Mo tọ́ka sí ọmọ rẹ̀ tó dì mọ́ ọn láṣọ. “Èyí ńkọ́? Ṣé inú mẹ́jọ tiyín ló wà?”

Mo rí ìgbà tó yé e. Mo ti ń dúró de ìgbà yẹn fún ọdún méjì, n kò sì jẹ́ kó yẹ̀ mí lójú. Ẹnu rẹ̀ là, ìwé já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ké sí dírẹ́bà pé kó padà sí Ògèrè, dírẹ́bà ní epo ò tó. Ó ń pe fóònù oko, kò wọlé. Ìyá kan ti ń sọ pé títì márosẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà oko yẹn kọjú sí, tírélà ń sá bí ẹṣin níbẹ̀. Sẹ́kítárì kúnlẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Màmá, ẹ forí jì mí. Mo kà wọ́n ni.”

Mo ṣí àpò mi, mo yọ lẹ́tà ọdún méjì sẹ́yìn. Mo ní, “Bá mi ka èyí. Ojú mi ò ríran dáadáa.”

“Màmá, ẹ jẹ́ ká wá ọmọ náà.”

“Kà á. Kí gbogbo èèyàn gbọ́. Ìwọ lo kọ ọ́.”

Ó kà á. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ó kà á. Lórí eékún, omi ojú ń kán sórí bébà, ó ní, “Nítorí ààbò àwọn ọmọ wa.” Ó tún bẹ̀rẹ̀. “Nítorí ààbò àwọn ọmọ wa, ẹni tó bá ń fi ohun tí a kò mọ ìdí rẹ̀…” Mo ní, “Gbé ohùn sókè.” Ọmọ rẹ̀ ń sunkún pẹ̀lú rẹ̀. Mo rí ọmọ náà. Kò dá mi dúró. Mo ní, “Èmi tí mo fi obì mú ọmọ mẹ́jọ, ta ló sọnù lọ́wọ́ mi?” Mo tún bi í. Ó ní, “Kò sí, ma.” Mo ní, “Sọ ọ́ kí àwọn tó wà ní géètì gbọ́.” Ó sọ ọ́.

Èmi ì bá tún bi í ní ìbéèrè mìíràn. Ó ṣì kù nínú àpò mi. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi, ọmọ mi ló ti sọ̀kalẹ̀. N kò pè é. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí ẹni pé n kò sí níbẹ̀, ó lọ fọwọ́ kan Sẹ́kítárì léjìká.

Ó ní, “Ma, mo wà níbí. Ẹ dìde.”

Sẹ́kítárì dì í mú. Ọ̀gá ilé ìwé sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ó wo ọmọ, ó wò mí.

“Níbo ló wà, Màmá?”

“Bọ́ọ̀sì kejì.”

“Ẹ mọ̀?”

“Mo mọ̀.” N kò tíì purọ́ láti àárọ̀ ọjọ́ náà, n kò sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́.

Àwọn kan pòṣé. Baba onítírélà ọjọ́sí rẹ́rìn-ín sínú ọwọ́ rẹ̀. Bàbá kan tí èmi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jọ ta obì rí sún mọ́ mi, ó ní, “Àlàájà, ó tó. Ẹ ti gbà á.” Mo ní, “Mo ti gbà á.”

Lóòótọ́ ni mo gbà á. Sẹ́kítárì fi ipò sílẹ̀ kí oṣù tó parí. Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, ọ̀gá ilé ìwé ka ìwé ẹ̀bẹ̀ níwájú gbogbo òbí, pé wọ́n ṣì mí gbọ́, pé ẹ̀sùn náà kò ní ìdí, pé orúkọ mi ni yóò kọ́kọ́ wà nínú ìwé àwọn tó ń bá ọmọ jáde. Ìyá tó fa ọmọ sẹ́yìn níjọ́sí àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá ń kí mi lórí ìkúnlẹ̀. Mo jẹ́ kí wọ́n kúnlẹ̀ pẹ́ díẹ̀.

Ọmọ mi kò bá mi sọ̀rọ̀ ìgbà náà fún ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tó wá sọ ọ́, ẹ̀wà la ń ṣà lórí atẹ. Kò gbójú sókè.

“Ìyá àgbà, bí mi ò bá sọ̀kalẹ̀ ńkọ́? Ìgbà wo lẹ̀ bá pè mí?”

Mo lè parọ́ fún un. Mo ní, “Ìgbà tí ọkàn mi bá tutù.”

“Ó ń sunkún gan-an.”

“Mo rí i.”

“Mo gbọ́ ohùn yín nínú bọ́ọ̀sì. Mo rò pé ẹ máa pè mí ní gbàrà tó kúnlẹ̀. Mo ka ení títí dé ọgọ́rùn-ún.” Ó ju òkúta kan kúrò nínú ẹ̀wà. “Mo tún kà á lẹ́ẹ̀kejì.”

Ní tòótọ́, n kò mọ̀ pé ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Lójú mi, bí ìgbà tí èèyàn bu omi mu ló rí.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ló wà ní kíláàsì kẹfà, ìrìn ìkẹyìn tó máa bá ilé ìwé yẹn rìn. Ó mú fọ́ọ̀mù wálé, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó sì gbé bírò lé e. Ó ní, “Ọ̀gá ní kí n sọ fún yín pé wọ́n ti fi ọmọ mẹ́jọ pamọ́ fún yín. Wọ́n ní ẹ lè fi ohunkóhun tó bá wù yín kà wọ́n.”

“Ìwọ ńkọ́? Kí lo fẹ́?”

Ó ti ń ga, ó ti ń jọ ìyá rẹ̀. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ ma, ẹ dúró sílé. Tíṣà á pè mí.”

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ì bá sàn fún mi ká ní ìbínú ló fi sọ ọ́. Mo wo ojú rẹ̀ bóyá n óò rí ibi tí mo lè gbà wọlé bẹ̀ ẹ́, kò sí.

Bí obìnrin yẹn bá tún fi orúkọ mi ṣeré lónìí, n óò tún ṣe é, n kò ní dín in kù. Mo fọwọ́ sí i pé kí ọmọ lọ. Níbi tí wọ́n ní kí òbí tó ń bá a lọ kọ orúkọ rẹ̀ sí, mo fa ìlà gbọọrọ kan, mo dá bírò padà fún un.